Ancelotti Olójú Ewédú

Ní Kétu l'Ékòó, bí wọ́n bá lé kóòṣì Arsenal ní London, àwa la máa ń ṣèpàdé lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́. Ìdílé Kroenke tó ni ẹgbẹ́ náà kò sì kọ lẹ́tà sí wa rí. Àmọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 1999, tí Kanu ọmọ wa ju góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Chelsea ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n ti fi góòlù méjì ṣíwájú wa, gbogbo wa ti gbà pé Arsenal ti di ogún ìdílé. Ẹ sì mọ bí ìjà ogún ìdílé ṣe máa ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi, torí iṣẹ́ náà ló kó bá mi. Bánà ni mo ń ṣe, ní àdúgbò kan tó yà láti Ikosi Road. Bánà òkú, bánà ìgbéyàwó, bánà ìsọjí, bánà olóṣèlú tó ń kí wa kú ọdún. Èmi kò ní ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù la ti ń ya iṣẹ́, a ó wá gbé e lọ sí Ṣómólú lọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ bàtà wọn owó rẹ̀ fún wa. Nígbà tí mo bá ní "a", ọmọ iṣẹ́ mi ni mo ní lọ́kàn. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba àsansílẹ̀ owó. Gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì, ọmọ náà ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2019. Eintracht Frankfurt wá na Arsenal ní góòlù méjì sí ẹyọ kan nínú ilé wa, ó di eré méje tí a kò borí, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì tíì mọ́ tán tí wọ́n fi ní kí Unai Emery máa lọ sílé. Ọdún kan àbọ̀ péré ló lò. Wenger tó wà níbẹ̀ kó tó dé, ọdún méjìlélógún ló lò, àwa la sì pariwo títí ó fi lọ ní 2018. Wọ́n ní kí Freddie Ljungberg bá wọn di ilé mú ná. Àwa bá gbé ìpàdé kalẹ̀.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí a ń lò wà lẹ́yìn Demurin. Páànù ni òrùlé, páànù ni ògiri. Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ní ìṣó tó ti fa ọ̀pọ̀ ṣòkòtò ya, tèmi wà níbẹ̀. Pátákó dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí onílé fi ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ àwọn eré ọjọ́ náà. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń tóbi jù níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà "CHELSE" ni Chelsea máa ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọlẹ́yìn wọn sì ti bínú bínú títí ó fi sú wọn.

Apá mẹ́rin la pín sí nínú ilé yẹn. Àwọn ọmọ tó ń ta bàtà ní abẹ́ gáréèjì ní kí wọ́n fi Ljungberg sílẹ̀ síbẹ̀, ṣebí òun náà bá wa gbá a nígbà tí ayé dára. Bàbá fọkanáísà ní Wenger ni kí wọ́n lọ bẹ̀, kí wọ́n gbé obì dání lọ. Àwa tí a ti ń fá irun funfun ní Carlo Ancelotti. Àwọn tó kù, tí ọmọ iṣẹ́ mi fi ara rẹ̀ jẹ alága wọn, ní Mikel Arteta.

Mo dìde. Ìgbàkigbà tí mo bá dìde ni nǹkan máa ń bàjẹ́.

"Ẹ̀yin ará," ni mo wí, "ọmọ iṣẹ́ Guardiola lẹ fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì tí kò tíì dá darí ẹgbẹ́ kankan rí? Ṣé ó ti ṣe fírídọ̀mù ni? Ta ló gbàdúrà fún un? Fọ́tò fírídọ̀mù rẹ̀ dà?"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ní Kétu, ọ̀rọ̀ fírídọ̀mù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Télọ̀, onídìrí, mẹkáníìkì, gbogbo wa la kúnlẹ̀ kí wọ́n tó gbé irinṣẹ́ lé wa lọ́wọ́, ìrẹsì àti àpò ohun mímu sì bá a lọ. Ẹni tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá láìṣe é, bó mọṣẹ́ bí ìwin, wọn yóò ṣáà máa wò ó bákan. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ wọ́n lára, mo wá fi kún un pé Arteta ti gbá bọ́ọ̀lù fún wa lóòótọ́ láàárín 2011 sí 2016, ó tilẹ̀ jẹ́ balógun wa, ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ iṣẹ́ ṣe kò ní kó mọ ọ̀gá í jẹ.

Ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ kan ilẹ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹni tí kò tíì ṣe fírídọ̀mù náà ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń gba owó rẹ̀."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, ó dé etí ìyá tó ń ta àsun níta, ó wọlé wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì tún un sọ fún un lójú mi.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Ancelotti ti kúrò ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá, Napoli na Genk ní góòlù mẹ́rin sí òdo nínú Champions League, wọ́n sì lé Ancelotti lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Emery fìdí rẹmi, wọ́n lé e. Bàbá yìí borí, wọ́n lé òun náà. Mo ní Ọlọ́run ló tú u sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó gba ife Champions League lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì, méjì ní Milan, ọ̀kan ní Real Madrid, tó sì jókòó sílé láìríṣẹ́ ṣe, ta ni a tún ń wá?

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Manchester City wá gbá wa ní mẹ́ta sí òdo nínú ilé, De Bruyne nìkan jù méjì, Arteta sì wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ Guardiola ọ̀gá rẹ̀ tó ń wo ìyà tó ń jẹ wá. Lóru ọjọ́ náà ni àwọn oníròyìn ya fọ́tò àwọn aláṣẹ Arsenal bí wọ́n ṣe ń jáde nílé Arteta ní Manchester. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé fóònù síwájú mi láàárọ̀.

Mo ní, "Ìbẹ̀wò lásán ni. Ẹni tó ń wáyàwó máa ń ya ilé púpọ̀."

Ó ní, "Ní aago kan òru, Ọ̀gá?"

Mo rán an lọ ra omi.

Ohun tó wá bà mí jẹ́ pátápátá ni oníbàárà mi kan tó ní ìbátan òun ń ṣọ́ ilé kan ní London, kò sì jìnnà sí pápá Emirates. Ìbátan yìí ló ní Ancelotti ti fọwọ́ síwèé. N kò bi í pé báwo ni ẹni tó ń ṣọ́ ilé onílé ṣe rí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tí etí mi ń fẹ́ gbọ́ ni. Mo sáré lọ bá àbúrò ìyàwó mi, tó jẹ́ ọmọ Chelsea paraku, mo ní kó jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́: bí kì í bá ṣe Ancelotti ló dé, èmi ni n ó san owó ìwọlé gbogbo ẹni tó bá wá wo eré àwa àtiwọn ní ọjọ́ 29. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹni tó bá wọlé?" Mo ní, "Gbogbo ẹni tó bá wọlé." Ó ní kí n tún un sọ kí onílé náà gbọ́. Mo tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ló wá sí mi lọ́kàn pé ìkíni káàbọ̀ yẹ Ancelotti, èmi tí mo jẹ́ oníbánà, àní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é ṣáájú mi. N kò lè sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé kó ṣe é. Mo rán an lọ sí Mile 12 láti gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà kan tó ń ta tòmátò, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó ti kọ̀ǹpútà fúnra mi.

Mo mú fọ́tò Ancelotti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára gan-an: bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ife ńlá lọ́wọ́, ó wọ aṣọ búlúù. Mo rò pé aṣọ orílẹ̀-èdè Ítálì ni. Èmi tí mo ń pe ara mi lágbà nínú bọ́ọ̀lù, mo gbàgbé pé Chelsea ni bàbá yìí darí láti 2009 sí 2011, tó fi gba líìgì àti ife FA pọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Búlúù kò sáà bá Arsenal mu, mo wá ibi tí ọmọ náà ti máa ń yí àwọ̀ padà. Mo fà á sọ́tùn-ún, mo fà á sósì, títí aṣọ náà fi pupa foo. Ó dùn mọ́ mi. Ṣé ẹ rí ibi tí mo ti fà á yẹn, gbogbo àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò ló ń yí pọ̀. Bí aṣọ ṣe ń kúrò ní búlúù bọ́ sí pupa ni ojú bàbá ń kúrò ní àwọ̀ èèyàn. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí ewédú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, àmọ́ mọ́níta wa ti gbó, kò sí ẹni tó ń ní àwọ̀ ara rẹ̀ lórí rẹ̀. Mo ní ìkà mọ́níta ni.

Ó ku ìgbékalẹ̀. Ibo ni n ó ti bẹ̀rẹ̀? Mo ṣí bánà òkú kan tí a ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ní igun oníwúrà àti òdòdó rẹpẹtẹ, mo yọ fọ́tò olóògbé, mo fi Ancelotti síbẹ̀. Mo pa orúkọ rẹ́, mo kọ tirẹ̀. Mo kọ "Ẹ KÁÀBỌ̀, BÀBÁ WA" sókè. Nítorí kí àwọn ọmọ Arteta lè mọ̀ pé àgbà ni mo ń kí, mo wá ọdún tí wọ́n bí i, 1959, mo fi rọ́pò ọdún ìbí olóògbé. Mo fi í sórí fláàṣì, mo wọ máàrúwá, mo sì wọ danfó lọ sí Ṣómólú fúnra mi. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n tẹ ohun tí èèyàn bá gbé wá.

Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, mo so ó mọ́ òpó méjì níwájú ilé ìwòran, kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Mo bọ́ sẹ́yìn láti wò ó.

Ìyá àgbà kan tó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí ọjà èso ló kọ́kọ́ dúró. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Ó mà ṣe o! Àìsàn wo ló pa bàbá yìí tí ojú rẹ̀ fi rí báyìí?"

Mo ní, "Mà, kò kú o. A ń kí i káàbọ̀ ni."

Ó ní, "Káàbọ̀ sọ́run?"

Ìgbà yẹn ni mo wò ó dáadáa. CARLO ANCELOTTI, 1959 – 2019. Ọdún tí olóògbé kú ni n kò yọ. Nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wúrà: LÁTI Ọ̀DỌ̀ GBOGBO ỌMỌ, ỌMỌ-ỌMỌ ÀTI MỌ̀LẸ́BÍ. Ìyá náà tú kókó aṣọ rẹ̀, ó fi igba náírà sí mi lọ́wọ́, ó ní ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run yóò fi èyí ṣe òpin. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti lọ. N kò sá tẹ̀ lé e. Owó náà wà lára owó ọkọ̀ tí mo fi padà sílé.

Kí n tó rí àkàbà tí n ó fi tú bánà náà, èrò ti pé. Awakọ̀ danfó kan ṣí fìlà. Àwọn ọmọ Chelsea ló kọ́kọ́ rí kìnnìún tó gbé ọ̀pá láyà bàbá, torí kìnnìún kò lè farapamọ́ nínú aṣọ pupa: àmì ẹgbẹ́ wọn ni. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni àwọn tiwa ń kígbe mọ́ mi. Ọmọ iṣẹ́ mi dé, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo èmi náà. Gbogbo ohun tó sọ ni, "Ọ̀gá, ẹ ò bá ti pè mí." Ó gun òpó, ó tú u.

Nígbà tí oòrùn yí, Arsenal kéde Mikel Arteta. Ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n fún un.

Ní ọjọ́ kejì, àwa àti Everton gbá òmì ní Goodison Park, kò sí góòlù kankan. Kámẹ́rà kò tilẹ̀ ráyè eré ọ̀hún, ibi ìjókòó ló ń yà ṣáá: Arteta jókòó síbẹ̀, Ancelotti náà jókòó síbẹ̀, torí Everton ti gbà á ṣe kóòṣì tiwọn. Gbogbo ilé ìwòran dìde. "Òkú ti jí! Òkú ti jí!" Bàbá fọkanáísà ní òun mọ̀ pé kò lè kú, Wenger ni òun ṣì fẹ́ síbẹ̀.

Tẹ́tẹ́ wá kù. Ọjọ́ 29 oṣù náà bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, Chelsea wá sílé wa, mo sì gba ilé ìwòran lọ ní aago méjì àbọ̀ pẹ̀lú owó tí mo rò pé yóò tó, torí mo mọ iye wa. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àbúrò ìyàwó mi ti lọ kéde ní Alápẹ̀rẹ̀ àti ní Tipper Garage. Àwọn ọmọ Chelsea tí n kò rí rí láyé mi wọlé pẹ̀lú aya, pẹ̀lú ọmọ. Ọ̀kan gbé oúnjẹ dání. Onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé kan, ó ń fi ìlà kọ̀ọ̀kan sàmì orí èèyàn, ó sì ń wò mí bó ṣe ń fà á. Àwa tí a ni ilé, orí ìdúró la ti wò ó. Aubameyang kọ́kọ́ jù ú fún wa, inú mi sì dùn dé ibi tí mo ti gbàgbé gbèsè. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Leno jáde wá gbé bọ́ọ̀lù, kò bá bọ́ọ̀lù, Jorginho gbá a wọlé. Kò pẹ́ rárá, Tammy Abraham, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi, ju èkejì. Mo sanwó fún gbogbo wọn láti wá jó lé mi lórí. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́ iye rẹ̀, ó ní àbúrò òun kò ṣe dáadáa, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́.

Bánà Ancelotti lọ sí Mile 12. Oníbàárà tòmátò tó jẹ mí ní gbèsè ló ní òun yóò san ìdajì bí mo bá fi rọ̀bà yẹn kún un. Ó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń da apẹ̀rẹ̀ lé e lórí láti ṣa èyí tó ti rọ̀ kúrò. Ó ní àwọn oníbàárà òun máa ń bèèrè ẹni tó wà lábẹ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ilé ìwòran ti wà ní títì nítorí Kòrónà, orí fóònù ọmọ iṣẹ́ mi la ti wò ó bí Arteta ṣe gba ife FA mọ́ Chelsea lọ́wọ́, méjì sí ẹyọ kan, Aubameyang ló ju méjèèjì. Mo ra mínírà fún ọmọ náà. Nígbà tó ṣe fírídọ̀mù, mo gbàdúrà tó gùn fún un níwájú ìyá rẹ̀, mo sì fi Arteta ṣàpẹẹrẹ níbẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo mú un wá láti Manchester. Ọmọ náà tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ rò pé ẹkún ni.

Ó yẹ kí n fi mọ síbẹ̀. Àmọ́ a ṣe ipò kẹjọ lẹ́ẹ̀mejì léra, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2021, Brentford nà wá, Chelsea nà wá, City wá fi márùn-ún sí òdo parí rẹ̀. Eré mẹ́ta, góòlù mẹ́sàn-án wọlé, a kò ju ẹyọ kan, a wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Owódé Onírin wá bá mi, ó fẹ́ bánà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, tó ga ní mẹ́rin, tí yóò kọ ARTETA OUT sára rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ̀, ọmọ náà sì ní òun kì í tẹ irú ẹ̀. Èmi gba àsansílẹ̀ ìdajì. Mo tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ burúkú díẹ̀ sí Arteta, kí iṣẹ́ má bàa bọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè wọ ìdíje tiwọn, kò sí líìgì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gbẹ́ni náà kò sì kánjú wá gba ẹrù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, a na Norwich. A na Burnley. A wá na Tottenham ní mẹ́ta sí ẹyọ kan, Bukayo Saka ọmọ Yorùbá ju ọ̀kan nínú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọ̀gbẹ́ni Owódé Onírin yọ, ó wọ jẹ́sì tuntun, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Ó ní kí n gbé bánà òun wá, kí n sì gé OUT kúrò, ARTETA nìkan ni òun ń gbé lọ.

Mo mú síṣọ́ọ̀sì, mo gé e. Mo ká OUT jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo na ọwọ́ fún ìdajì owó tó kù.

Ó wo iye ẹsẹ̀ bàtà tí mo gé sílẹ̀. Ó ní mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún ni, ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà la fi ń wọn owó ni? Kí n yọ owó rẹ̀ kúrò.